Kò Lágbára Ni, Tàbí Kò Yára? Àìsàn Ọ̀nà Ọ́ìlì Kẹta Lára Péélódà Kékeré

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ọ̀wọ̀ wọ ilẹ̀ Àkókó kò ní í rìn jìnnà kí àpáta tó máa yọjú sí i lọ́tùn-ún àti lósì. Ní Ìkàrẹ́, òkè yí ìlú ká. Ní Òkà, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè gan-an ni ọ̀pọ̀ ilé dúró lé. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun Núpé ń yọ ilẹ̀ Àkókó lẹ́nu, ààbò ni àwọn òkè wọ̀nyí jẹ́ fún àwọn baba ńlá. Lónìí, ẹni tí ó fẹ́ gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, tàbí kòtò páìpù omi, ni òkè ń dá lóró. Ìpìlẹ̀ tí kò jìn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ lè ko àpáta tí ṣọ́bìrì àti dígà kò ní rí nǹkan kan ṣe sí.

Ọgbọ́n tí àwọn ènìyàn ti ń dá sí i láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé kí wọ́n kó igi, tàbí táyà àlòkù, jọ sórí àpáta, kí wọ́n dáná sí i títí òkúta yóò fi gbóná tí yóò sì sán, kí àwọn géńdé ọkùnrin tó wá fi òòlù ńlá fọ́ ọ. Iṣẹ́ àṣelàágùn ni, èéfín táyà kò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò bá jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí aráyé ti ń wá ohun tí yóò gba àáké náà lọ́wọ́ ènìyàn.

Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n rí ni péélódà kékeré, èyí tí ó lè yí po lójú kan, tí ó sì lè wọ àlàfo àárín ilé méjì tí péélódà ńlá kò lè gbójú lé. Orúkọ ilé-iṣẹ́ kan, Bobcat, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pe gbogbo irú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń pe gbogbo ẹ̀rọ atúlẹ̀ ní katapílà, ẹnikẹ́ni tí ó wù kí ó ṣe é. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkúta ni ó bí ẹ̀rọ yìí rárá. Ní ọdún 1957, ní ìlú Rothsay ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, àgbẹ̀ kan tí ń sin tòlótòló ń wá ẹ̀rọ kékeré tí yóò lè wọ inú ilé àwọn ẹyẹ náà láti kó ìgbẹ́ wọn. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Cyril àti Louis Keller, ni wọ́n rọ ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan fún un. Ní 1958, ilé-iṣẹ́ Melroe tí ó wà ní North Dakota gba ẹ̀tọ́ láti máa ṣe é. Nígbà tí ó sì di 1960, wọ́n ti fi ẹsẹ̀ kẹrin kún un. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í yà bí ti mọ́tò. Ẹsẹ̀ apá kan ni yóò máa yára ju ti apá kejì lọ, tí gbogbo ara ẹ̀rọ yóò sì wọ́ nílẹ̀ yí padà.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ọ́ìlì ń gbà ṣiṣẹ́ ní apá iwájú ẹ̀rọ náà. Ọ̀nà kìíní ń gbé apá sókè, ó sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọ̀nà kejì ń tẹ bọ́kẹ́ẹ̀tì síwájú àti sẹ́yìn. Ọ̀nà kẹta kò ní iṣẹ́ kan tí a dá mọ́ ọn. Ẹnu họ́ọ̀sì méjì ni ó parí sí nítòsí orí apá, akọ àti abo, tí wọ́n ń dúró de ohun èlò yòówù tí a bá so mọ́ wọn: òòlù afọ́kùúta, ẹ̀rọ tí ń gbẹ́ ihò òpó, ìgbálẹ̀ títì, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ilẹ̀ bíi ti Òkà, òòlù afọ́kùúta ni ohun èlò tí iṣẹ́ ń béèrè jù. Ọ̀nà kẹta yìí ni ìjíròrò yìí dá lé, nítorí pé òun ni ó máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Kò sì yẹ kí ó yà wá lẹ́nu: òun ni à ń tú tí à ń so lójoojúmọ́, nínú eruku àti nínú ẹrẹ̀, nígbà tí àwọn méjì yòókù wà ní dídè láti ilé-iṣẹ́ tí a ti ṣe wọ́n.

Kí a tó sọ ohun tí ń ṣe é, ó yẹ kí a mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ara rẹ̀ bá dá. Àwọn mẹkáníìkì ti fi ọ̀rọ̀ méjì ya ohun méjì sọ́tọ̀ dáadáa: epo ni èyí tí à ń bù sí táńkì kí ẹ́ńjìnnì lè jó o, ọ́ìlì ni èyí tí ń gbé inú ara ẹ̀rọ. Ọ́ìlì haidirọ́líìkì kì í ṣe èyí tí ẹ́ńjìnnì ń jó, kì í sì í ṣe ọ̀rinrin lásán. Òun ni ó ń gbé agbára láti ibi kan dé ibòmíràn, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pá irin ì bá ti gbé e, àfi pé ọ̀pá yìí lè tẹ̀ kọ́nà, kí ó sì wọ inú họ́ọ̀sì. Blaise Pascal, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó kú ní 1662, ni ó la ohun tí ó mú kí èyí ṣeé ṣe yé aráyé, nínú ìwé kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún kejì ikú rẹ̀: bí a bá ti ohun olómi tí a sé mọ́ ibì kan, ìtì náà yóò dé gbogbo igun ibẹ̀ bákan náà. Nígbà tí ó di 1795, Joseph Bramah ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lo ìmọ̀ yìí láti fi ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀rin.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi èyí han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò nílò péélódà. Kí ó wá sírínjì méjì tí kò ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ọ̀kan kékeré, ọ̀kan ńlá, kí ó fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ so wọ́n pọ̀, kí omi sì kún inú wọn. Bí ojú ńlá bá fẹ̀ ju ojú kékeré lọ ní ìlọ́po márùn-ún, ẹni tí ó bá ti kékeré yóò rí i pé ńlá ń fi agbára ìlọ́po márùn-ún dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ìdá kan nínú márùn-ún ìrìn kékeré ni ńlá yóò rìn. Kò sí èrè ọ̀fẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí olùkọ́ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ wọ inú rọ́bà náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ kan tún un tì. Yóò rí i pé ọwọ́ òun kàn ń wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni, bí ẹni tí ń ti tìmùtìmù, kí ńlá tó mira. Ìdí nìyẹn tí afẹ́fẹ́ inú ọ́ìlì fi jẹ́ ọ̀tá péélódà.

Nínú ẹ̀rọ gidi, páǹpù ni ó dúró fún sírínjì kékeré. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí, tí ó fi yẹ kí a dúró níbẹ̀ díẹ̀. Páǹpù kì í ṣe ipá. Ìṣàn ni páǹpù ń ṣe. Ohun tí ó bá dènà ìṣàn náà ni ó ń sọ ọ́ di ipá. Ẹni tí ó bá ti fi àtàǹpàkò dí ẹnu rọ́bà omi rí mọ èyí: omi tí ń ṣàn wẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀ yóò ta jáde lọ jìnnà, kì í sì í ṣe pé ẹ̀rọ omi ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun. Bí ohun èlò kò bá rí nǹkan kan bá jà, ọ́ìlì yóò kàn ṣàn lọ ṣàn bọ̀, géèjì kò sì ní fi nǹkan púpọ̀ hàn. Bí òòlù bá kan àpáta, ipá yóò gòkè. Kí ipá náà má baà ga títí kí ó bẹ́ họ́ọ̀sì, fáàfù kan wà tí ń ṣọ́ ọ. Bí ó bá ti dé òdiwọ̀n tí wọ́n fi lélẹ̀, fáàfù yóò ṣílẹ̀kùn fún ọ́ìlì láti padà sí táńkì.

Ipá, nígbà náà, ni a fi ń mọ bí ohun èlò ti le tó. Ìṣàn ni a fi ń mọ bí ó ti yára tó. Lára ọ̀pọ̀ péélódà kékeré, ipá ọ̀nà kẹta máa ń tó 3,000 sí 3,500 ní ìwọ̀n tí àwọn afúntáyà fi ń wọn afẹ́fẹ́. Táyà mọ́tò kékeré kì í sábà ju 30 sí 35 lọ. Ìlọ́po ọgọ́rùn-ún nìyẹn, kí ẹni tí ń fi ọwọ́ kan họ́ọ̀sì rántí. Ní ti ìṣàn, ó máa ń wà láàárín lítà 60 sí 90 ní ìṣẹ́jú kan lára ọ̀pọ̀ wọn, àwọn kan tí a ṣe fún iṣẹ́ líle sì ń kọjá 100.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti kan èdè. Ilẹ̀ Àkókó jẹ́ ibi tí èdè pọ̀ sí lọ́nà tí ó ya àwọn onímọ̀ èdè lẹ́nu. Yàtọ̀ sí ẹ̀ka èdè Yorùbá tí wọ́n ń sọ ní Ìkàrẹ́ àti ní Òkà, èdè Àrígìdì wà nítòsí, èdè Akpes wà ní Àkùnnù àti Ìkáràm, àwọn mìíràn sì tún wà. Nígbà tí awakọ̀ ẹ̀rọ tí ó ti ibì kan wá bá pàdé mẹkáníìkì tí ó ti ibòmíràn wá, Yorùbá gbogbogbòò ni wọn yóò jọ sọ, pẹ̀lú páǹpù, fáàfù, síìlì àti họ́ọ̀sì tí gbogbo ènìyàn ti yá lò. Àwọn orúkọ wọ̀nyí kì í dá ìṣòro sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe ni ó ń dá a sílẹ̀. Awakọ̀ á dé, á ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó o, kò ṣiṣẹ́.” Mẹkáníìkì á béèrè pé, “Báwo ni kò ṣe ṣiṣẹ́?” Awakọ̀ á ní: “Kò lágbára.”

“Kò lágbára” yìí ni à ń sọ fún ohun gbogbo. Òòlù tí kò mira rárá, kò lágbára. Òòlù tí ń lu àpáta lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí aago ìjọ, tí lílù kọ̀ọ̀kan sì wúwo, kò lágbára. Èyí tí ń lù kíákíá bí ìlù àgídìgbo ṣùgbọ́n tí àpáta kò mọ̀ pé ohunkóhun kan òun, òun náà kò lágbára. Àìsàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a fi orúkọ kan pè. Mẹkáníìkì tí ó bá sì gba ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n ti sọ ọ́ yóò ronú kan páǹpù ní àkọ́kọ́, nítorí pé páǹpù ni gbogbo ènìyàn mọ̀ sí orísun agbára. Wọn yóò tú u, wọn yóò ra òmíràn ní owó gọbọi, wọn yóò dè é padà, òòlù yóò sì tún dúró bí ó ti dúró. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá kò ṣaláìní ọ̀rọ̀. Kò mira; kò yára; kò lágbára; ó ń ṣe ségesège; ó ń rẹ̀ ẹ́ bí ọjọ́ bá kanrí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn ń tọ́ka sí ibi ọ̀tọ̀ nínú ẹ̀rọ.

Ká ní òòlù kò mira rárá. Ìbéèrè àkọ́kọ́ kò kan òòlù. Ǹjẹ́ apá ń gòkè? Ǹjẹ́ ibi tí a so òòlù mọ́ ń tẹ̀ síwájú-sẹ́yìn bí ó ti yẹ? Bí àwọn méjèèjì bá ń ṣe dáadáa, páǹpù tí ń bọ́ wọn kò kú, nítorí pé òun kan náà ni ó ń bọ́ ọ̀nà kẹta lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo yìí lè gba owó páǹpù là. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi ìrìn ẹ̀rọ ṣe ẹ̀rí: páǹpù ọ̀tọ̀ ni ó sábà máa ń wa ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ lè máa sáré kiri kí páǹpù apá sì ti dákú.

Bí apá bá ń ṣiṣẹ́, kí a lọ wo ẹnu họ́ọ̀sì, níbi tí akọ àti abo ti pàdé. Inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ìdérí kékeré kan wà tí ń dí i pa kí ọ́ìlì má baà dànù nígbà tí a bá tú wọn. Bí akọ kò bá wọlé dé ìdí, àwọn ìdérí náà kò ní ṣí tán, ọ́ìlì kò sì ní rí ọ̀nà kọjá. Nígbà mìíràn họ́ọ̀sì tí ń gbé ọ́ìlì lọ yóò wọlé dáadáa, èyí tí ń dá a padà ni kò wọlé. Nígbà náà, bí awakọ̀ bá ti tẹ bọ́tìnnì, ẹ́ńjìnnì yóò kérora bí ẹni tí a di ẹrù ńlá lé lórí, ọ́ìlì yóò sì máa gbóná, òòlù kò sì ní mira. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìkérora yẹn ti gbọ́ ohun púpọ̀: ipá wà, ìṣàn ni kò sí ọ̀nà.

Ó tún máa ń ṣẹlẹ̀ pé akọ kọ̀ láti wọ inú abo rárá. Oòrùn ni ó máa ń fa èyí. Bí òòlù bá wà nílẹ̀ lórí àpáta gbalasa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ́ìlì tí a sé mọ́ inú họ́ọ̀sì rẹ̀ yóò gbóná, yóò sì wú, ipá rẹ̀ yóò sì ti ìdérí náà pa láti inú. Àwọn kan á mú òòlù ọwọ́, wọ́n á máa fi gbá orí akọ. Ìwà tí ó yẹ kí a fi sílẹ̀ pátápátá ni èyí, nítorí pé ìdérí yóò bàjẹ́, ọ́ìlì sì lè ta sí ojú. Ohun tí ó tọ́ ni kí a sọ apá ẹ̀rọ kalẹ̀, kí a pa ẹ́ńjìnnì, kí a tẹ̀ lé ìlànà tí ìwé ẹ̀rọ náà fi lélẹ̀ fún títú ipá inú họ́ọ̀sì sílẹ̀, kí a sì gbé òòlù sí ibòji títí yóò fi tutù. Kí a tó so wọ́n, kí a fi aṣọ mímọ́ nu ẹnu méjèèjì. Iyanrìn díẹ̀ tí ó bá wọlé níbẹ̀ yóò bá ọ́ìlì rìn kiri, gbogbo ibi tí irin ti ń fara kan irin ni yóò sì ti máa ha á.

Bí ẹnu họ́ọ̀sì kò bá ní ẹ̀bi, ó kan iná. Lára àwọn ẹ̀rọ tí kì í ṣe ti àtijọ́ gan-an, kì í ṣe ọwọ́ awakọ̀ ni ó ń ṣí fáàfù ọ̀nà kẹta. Bọ́tìnnì ni ó ń tẹ̀. Iná yóò gba wáyà lọ sí kọ́ìlì kan, kọ́ìlì yóò di òòfà, òòfà náà ni yóò sì ṣí fáàfù. Ẹ̀rọ náà kì í sì í gbà kí iná yìí lọ àfi bí awakọ̀ bá jókòó dáadáa, tí ó fa irin ààbò wálẹ̀ sí itan, tí ó sì tẹ bọ́tìnnì ìyọ̀ǹda. Ọ̀pọ̀ péélódà tòkúnbọ̀ ni àwòrán ara bọ́tìnnì wọn ti pa rẹ́, tí awakọ̀ kò fi mọ èwo ni ti ìyọ̀ǹda. Kí a wo fíùsì. Kí a tọ wáyà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé eku fẹ́ràn ara wáyà, ìpẹtà sì fẹ́ràn ẹnu rẹ̀. Láti mọ̀ bóyá iná dé ìdí kọ́ìlì, kí a pa ẹ́ńjìnnì, kí a ṣí kọ́kọ́rọ́ iná, kí ẹnì kan jókòó tẹ bọ́tìnnì, kí ẹnì kejì sì fi orí síkúrúdíráfà kan orí kọ́ìlì. Bí ó bá fà á mọ́ra, iná dé. Bí kò bá fà á, kí a lọ pe oníṣẹ́ iná ọkọ̀ dípò ẹni tí ń tún páǹpù ṣe. Iṣẹ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Kí a wá mú ẹni tí ó ní “kò yára.” Ìṣàn ni kò tó. Bóyá ẹ́ńjìnnì ń rọra yí jù. Páǹpù kò lè ṣàn ju bí ẹ́ńjìnnì ti ń yí i lọ. Bóyá ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀ nínú táńkì, tàbí fílítà ti dí. Bí páǹpù kò bá rí ọ́ìlì tó fà, yóò máa hu bí ẹni tí ó ń sunkún, ìró náà sì máa ń yàtọ̀ sí ìkérora ẹ́ńjìnnì. Ojú ọ́ìlì náà ń sọ̀rọ̀: bí ó bá ń hó bí ọṣẹ, afẹ́fẹ́ ti wọ̀ ọ́, ó sì lè jẹ́ họ́ọ̀sì tí ń fa ọ́ìlì láti táńkì ni kò dè dáadáa mọ́, bí ó bá funfun bí wàrà, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Ó sì lè jẹ́ pé ara ẹ̀rọ dá ṣáká, òòlù ni ó tóbi jù fún un. Òòlù kọ̀ọ̀kan ní iye lítà tí ó ń béèrè ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sí ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá so òòlù tí ń béèrè lítà 110 mọ́ ẹ̀rọ tí ń ṣàn ní 70 kò yẹ kí ó bú mẹkáníìkì.

“Kò lágbára” gan-an, ní ìtumọ̀ rẹ̀ tí ó tọ́, ni ti òòlù tí ń yára ṣùgbọ́n tí kò wúwo. Kí a kọ́kọ́ wo họ́ọ̀sì: bí ó bá ń jó, tí ó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún ju bí ó ti máa ń ṣe lọ, ó ṣeé ṣe kí gáàsì tí a sé mọ́ inú òòlù ti jò tán, àwọn tí wọ́n ní irinṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n sì lè kún un. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé fáàfù tí ń ṣọ́ ipá ń ṣílẹ̀kùn ṣáájú àkókò, tàbí kí síìlì inú òòlù ti jẹ. Ìdánwò kan wà tí ó rọrùn, tí kò sì gba owó: kí a tú òòlù, kí a so ohun èlò mìíràn tí a mọ̀ pé ara rẹ̀ dá. Bí ìyẹn bá ṣiṣẹ́, òòlù ni ó ń ṣàìsàn. Bí kò bá sí ohun èlò mìíràn, họ́ọ̀sì kúkúrú kan tí ó lè gba ipá náà ni a óò fi so ẹnu akọ àti abo ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ra wọn, kí ọ́ìlì máa yí po. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ láìkérora, ọ̀nà kẹta ṣí sílẹ̀. Ìdánwò yìí kò sọ bí ipá ti tó o. Géèjì nìkan ni ó lè sọ ìyẹn. Láìsí géèjì, kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìdè fáàfù tí ń ṣọ́ ipá. Àwọn tí wọ́n máa ń fún un le sí i “kí ó lè lágbára” kò mọ̀ pé ilẹ̀kùn àsálà ni àwọn ń tì pa.

Àìsàn kan kù tí ó ń tan ènìyàn jẹ. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, òòlù yóò lu àpáta bí akọni. Nígbà tí ó bá fi di ọ̀sán, yóò rẹ̀ ẹ́. Awakọ̀ á ní oòrùn ni, ó sì jẹ́ òótọ́ dé ìwọ̀n kan. Bí ọ́ìlì bá ti gbóná, á ṣàn bí omi. Ibi tí irin ti jẹ nínú páǹpù tàbí nínú òòlù, tí ọ́ìlì tútù nípọn jù láti gbà kọjá, ni ọ́ìlì gbígbóná yóò máa yọ́ gbà padà sẹ́yìn láìṣe iṣẹ́ kankan. Bí ooru ọ́ìlì bá sì ń kọjá nǹkan bí ìwọ̀n Sẹ́ẹ̀sì 82, síìlì yóò máa gan, ọ́ìlì pàápàá yóò máa dàgbà kíákíá. Nítorí náà, kí a fọ eruku kúrò lára rédíétọ̀ ọ́ìlì, kí a rí i pé ọ́ìlì tí a rà nípọn tó bí ìwé ẹ̀rọ ti wí, kí a tó dá páǹpù lẹ́jọ́. Ọ́ìlì ayédèrú wà lọ́jà, kẹ́ẹ̀gì tí a lẹ̀ ní ìwé tuntun kì í sì í ṣe ẹ̀rí.

Gbogbo èyí jẹ́ ọ̀rọ̀ owó àti àkókò. Ohun tí ó tẹ̀ lé e yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ ọwọ́ ènìyàn. Họ́ọ̀sì tí ó ti gbó lè lu ní ihò tí kò tó ojú abẹ́rẹ́. Ọ́ìlì tí ń gba ibẹ̀ jáde kì í kán tó-tó-tó. Ó máa ń fọ́n bí ìkùukùu, ojú lè má rí i. Ìwà tí ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn ni kí a fi ọwọ́ ra ara họ́ọ̀sì láti wá ibi tí ń jò. Ọ́ìlì tí ó ní ipá tí a ti sọ lókè yẹn yóò gún awọ ọwọ́ wọlé, ìbọ̀wọ́ kò sì ní dá a dúró. Páálí tàbí pákó gígùn ni kí a fi wá a, kí ojú wà lẹ́yìn awò ààbò. Kí a sì tó sún mọ́ ẹ̀rọ náà rárá, kí apá rẹ̀ ti wà nílẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì ti kú, kí a sì ti fi òkúta dí ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ tí ó tẹ́jú kò wọ́pọ̀ ní Òkà. Bí iṣẹ́ bá béèrè pé kí apá wà lókè, irin tí a ṣe fún dídè é mọ́ òkè gbọ́dọ̀ wà ní ipò rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ dúró lábẹ́ apá tí ọ́ìlì nìkan gbé ró.

Ẹni tí ọ́ìlì bá gún kì í tètè mọ̀ pé ewu wà. Àmì kékeré kan ni yóò rí, bí ẹni tí ẹ̀gún gún. Ó lè máà dùn ún púpọ̀ ní wákàtí àkọ́kọ́. Nínú ẹran ara, ọ́ìlì náà ti ń tàn gba ẹ̀gbẹ́ iṣan lọ, ó ń dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, ó sì ń pa ẹran náà. Bí wọn kò bá tètè ṣí i, kí wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́, láàárín wákàtí díẹ̀, ó lè di dandan láti gé ìka tàbí ọwọ́. Kí wọ́n má fi ìpara pa á, kí wọ́n má sì dúró di ọjọ́ kejì láti wò ó bóyá yóò wú. Ilé-ìwòsàn ìjọba wà ní Ìkàrẹ́, èyí tí ó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Ọ̀wọ̀. Níbẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ tí a bá fi ròyìn rẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì. Bí ó bá ní, “Dókítà, nǹkan gún mi lọ́wọ́ níbi iṣẹ́,” abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì àti oògùn ìrora ni wọn yóò fún un, wọn yóò sì ní kí ó máa lọ. Kí ó sọ pé ọ́ìlì haidirọ́líìkì ni ó fi ipá gún òun wọlé, kí ó sọ aago tí ó ṣẹlẹ̀, kí ẹni tí ó sìn ín lọ sì gbé kẹ́ẹ̀gì ọ́ìlì náà dání, kí dókítà lè ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára.